Òkè Ni Omi Náà Ti Wá

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìlọsíwájú ṣe ń rùn, ẹ wá àdá tó sùn síta nínú òjò, kí ẹ fi imú sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní kùtùkùtù àárọ̀. Òórùn yẹn gan-an ni mo jí bá lágbàlá wa ní Kambolé, nílẹ̀ Togo, ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìyá mi kọ́kọ́ fi omi pọ́ńpù se iṣu. Iná ń jó lábẹ́ ìkòkò, èéfín ti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn adìyẹ ń tú ilẹ̀ kiri, kò sí ohun tó yí padà. Àmọ́ nígbà tí ìyá mi ṣí ìdérí, iṣu tó wọ inú ìkòkò ní funfun ti di àwọ̀ eérú. Ó dà á sódó, ó gún un. Iyán náà jáde bí ẹni pé eèdú ni wọ́n fi pò ó. Ìyá mi wò ó, ó wò mí, ó tún wò ó. Ó ní, "Kí ni mo fi ṣẹ ìjọba?"

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí a jọ dàgbà nígbà ọ̀gá kan ṣoṣo, ẹ kò ní béèrè ìdí tí ó fi dárúkọ ìjọba níwájú odó. Ìgbà yẹn, òkè, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Àgbà tó ń ṣèjọba, ni gbogbo nǹkan ti ń wá. Ṣọ́ọ̀kì ilé ìwé, òkè ni. Ọ̀nà tí wọ́n fi katakata là láti Tchamba, tí ọ̀gbàrá sì tún dí padà, òkè ni. Bí òjò bá rọ̀ dáadáa, òkè ló fi ránṣẹ́. Bí ọ̀dá bá dá, àwa ni a kò pàtẹ́wọ́ tó. Pọ́ńpù náà kò yàtọ̀. Ẹ̀rọ kan wá, ó lu ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà títí etí wa fi di, wọ́n ri irin mọ́lẹ̀, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì yí i ká, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà búlúù. Omi rẹ̀ mọ́ gaara nígbà tó bá ń jáde. Ó tutù. Gbogbo wa jó. Ọjọ́ kejì, igbá tí a fi bu omi ti pọ́n bí èékánná ẹni tó lé làálì.

Mo lè ṣàlàyé rẹ̀ nísinsìnyí, nítorí láti ìgbà náà ni omi ti di àìsàn mi. Irin tó wà nínú àpáta ìsàlẹ̀ máa ń yọ́ sínú omi tí kò rí afẹ́fẹ́. Ẹ kò lè fojú rí i nígbà náà, ahọ́n nìkan ló mọ̀ ọ́n. Bí omi bá ti jáde tó bá afẹ́fẹ́ pàdé, irin náà á dípẹtà, á di ìyẹ̀fun pupa. Bí ó bá kan oje iṣu, á sọ ọ́ di dúdú. Bí ẹ bá fi po tíì, ẹ ó rò pé yíǹkì ni ẹ ń mu. Kò pa ènìyàn o. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí, nítorí ẹ̀tọ́ pọ́ńpù ni. Ó kàn jẹ́ pé ìlú tó ń gbé orí iṣu, tó ń fi iṣu fẹ́yàwó, tó ń fi iṣu gbàlejò, ni wọ́n gbẹ́ omi tó ń pa iṣu láró fún. Ẹni tó yan ibẹ̀ ti ní láti máa jẹ ìrẹsì.

Ìyá mi ló ń gún iyán fún àwọn awakọ̀ akẹ́rù tó máa ń dúró lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́nu ọ̀nà Tchamba. Ọwọ́ rẹ̀ dára. Ohun tó ju ọwọ́ rẹ̀ lọ ni ahọ́n rẹ̀: ó lè tọ́ omi wò kí ó sọ fún ọ ìkòkò tó sùn sí mọ́jú. Ó ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ bí a bá fẹ́ kí ó pọ́n ọbẹ̀ aládùúgbò lé: "Ẹnu tí mo fi ń tọ́ ọbẹ̀ wò, n kò ní fi í purọ́." Nítorí náà, nígbà tí awakọ̀ kan ti abọ́ padà lọ́jọ́ náà, tó ní, "Ìyá Rámá, ṣé ọjọ́ ọ̀fọ̀ lòní tí iyán fi wọ dúdú?", kò yí ọ̀rọ̀ po. Ó dáhùn kí gbogbo ọjà lè gbọ́. Ó ní, "Iyán mi kò ní àrùn. Omi tí wọ́n gbé wá bá wa yẹn ni, irin là ń mu, kì í ṣe omi." Ọjọ́ yẹn náà ló gbé garawa rẹ̀ padà sí Òkè Ẹyẹlé, àwọn obìnrin yòókù sì tẹ̀ lé e.

Òkè Ẹyẹlé kì í ṣe òkè tí wọ́n ń yà sára owó. Àpáta ràbàtà kan ni, lẹ́yìn oko àgbàdo wa, tí àwọn ẹyẹlé igbó ń sùn sí. Láti inú ìlà kan tó sán lára àpáta náà ni omi ti ń yọ, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó sì ń kó jọ sínú ihò tí àwọn baba wa ti gbẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí lẹ́nu. Bí ó bá ti wọlé, kò kí ọ. Ó máa rọra kọjá lórí ahọ́n, ó rọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dàbí ẹni pé ó sanra díẹ̀; ìgbà tí o bá ti gbé e mì tán ni adùn kékeré kan á wá yọ lẹ́yìn ọ̀fun, bí ìgbà tí ènìyàn bá jẹ àgbọn tán. Ìrọ̀rùn yẹn, ohun tó wà nínú iyanrìn àti àpáta ni, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní silice. Ẹfun díẹ̀ ló wà níbẹ̀, iyọ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí, irin kò sí rárá. Nígbà náà, ohun tí mo mọ̀ kò ju pé "omi yẹn rọ̀" lọ.

Ọ̀rọ̀ tí ìyá mi sọ lábẹ́ igi máńgòrò kò pẹ́ kó tó gun akẹ́rù dé Tchamba. Ọ̀sẹ̀ náà kò parí tí Mùsé Protokọ́ọ̀lù fi dé.

Mùsé ni ẹnu wa ń pe ọ̀gbẹ́ni lédè Faransé; èmi kò mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Òun ni ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo tó wà nílẹ̀ fi ṣe alákòóso àlejò ní agbègbè wa. Bí ẹni ńlá bá ń bọ̀, òun ló máa sọ ẹni tó máa jó, ẹni tó máa pàtẹ́wọ́ àti bí àtẹ́wọ́ náà ṣe máa gùn tó. Ó wọ aṣọ apá péńpé tó le bí páálí, àwòrán Ọ̀gá Àgbà wà láyà rẹ̀, bíróò mẹ́ta wà lápò rẹ̀ tí n kò rí i kí ó fi kọ nǹkan. Ó gbé alùpùpù rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ní òun kò ní jókòó, ó sì jókòó.

Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ ní omi ìjọba kò dára?"

Ìyá mi ní, "Mo ní irin wà nínú rẹ̀, Mùsé."

"Irin! Ṣé ẹ mọ̀ pé irin dára lára? Ilé ìwòsàn ń fún àwọn aboyún ní irin."

"Aboyún kì í gún un níyán, Mùsé."

Ìyá àgbà mi, ìyá tó bí bàbá mi, rẹ́rìn-ín láti inú yàrá. Mùsé Protokọ́ọ̀lù kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún wa pé ẹni ńlá kan ń bọ̀ láti Lomé wá ṣí pọ́ńpù náà. Kí a má béèrè bí ohun tó ti ń ṣàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣe tún máa ṣí. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ni yóò gbé igbá omi fún àlejò níwájú ìlú, yóò sì tún sọ fún un pé omi pọ́ńpù náà dùn. "Bí ẹ kò bá sọ ọ́ ní Kambolé," ni ó wí, ó sì ń gbọn eruku kúrò ní ṣòkòtò rẹ̀, "ẹ ó bá wa dé Tchamba, kí ẹ wá sọ ọ́ níbẹ̀."

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ ohun tí "ẹ ó bá wa dé Tchamba" túmọ̀ sí. Fún àwa ọmọdé, Tchamba ni ọjà ńlá, aṣọ tuntun àti búrẹ́dì gbígbóná. Fún àwọn àgbà, ó tún jẹ́ ibi tí wọ́n gbé télọ̀ àdúgbò wa lọ nítorí pé ó sùn nígbà tí wọ́n ń kọrin ìyìn. Ó padà, orí rẹ̀ fá, kò sì sùn lójú agbo mọ́. Bàbá mi dé láti oko, ó gbọ́, ó jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ó ní, "Ìyá Rámá, sọ pé ó dùn. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í wúwo." Ìyá mi ní, "Tèmi wúwo."

Àṣé Mùsé náà ti tọ́ omi pọ́ńpù wò, ó sì gbà pẹ̀lú ìyá mi pátápátá. Kò kàn gbà lójú ọjà ni. Nígbà tí ìbẹ̀wò ku ọ̀la, ó gbé páálí omi ìgò kan dé láti Sokodé. Ó ní iyàrá amọ̀ bàbá mi ló tutù jù ní àdúgbò, kí a bá òun fi pamọ́. Èyí tó bá ń lọ sórí tábìlì, kí ó lọ sórí tábìlì. Èyí tó kù, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dà á sínú igbá lẹ́yìn ẹní tí wọ́n fẹ́ ta bí aṣọ ìkélé, kí àlejò tó mu omi pọ́ńpù má baà mu omi pọ́ńpù. Ẹ rí ọgbọ́n. Omi tó wá láti orí òkè yìnyín ní ilẹ̀ Faransé, tó wọ ọkọ̀ ojú omi, tó wọ akẹ́rù, ni yóò wá ṣojú fún omi tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa.

Mùsé lọ, ìyá mi lọ sọ́jà, ó ku èmi àti ìyá àgbà àti páálí.

Mo wà ní kíláàsì CE2, ọdún kẹrin ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà náà, kò sì sí ohun tó ní lẹ́tà lára tí n kì í kà sókè kí ayé lè mọ̀ pé mo mọ̀wé. Mo fa ìgò kan yọ. Òkè kan wà lára ìwé rẹ̀, orí rẹ̀ funfun. Mo kà á: "Eau de source de montagne." Mo sọ fún ìyá àgbà pé omi orísun orí òkè ni. Lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ tò sí lọ́kọ̀ọ̀kan: Calcium, Magnésium, Sodium, Potassium, Bicarbonates. Ìyá àgbà sún mọ́ mi.

"Ta ni Kalisiọ́ọ̀mù?"

"N kò mọ̀, Ìyá Àgbà."

"Ìwọ tó ń lọ sílé ìwé. Màlékà ni?"

"Ó lè jẹ́ màlékà."

"Wọ́n pọ̀. Kà wọ́n lọ."

Mo kà dé Nitrates. Ó ní èyí dún bí orúkọ àlùjànnú, kí n ṣe Bísímílà kí n tó kọjá. Mo kà á dé ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé "Résidu sec à 180°C". Ní òtítọ́, ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé wọ́n gbẹ omi náà lórí iná títí ó fi tán, wọ́n sì wọn funfun tó ṣẹ́kù, irú èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò omi gbígbóná. Èmi sọ fún ìyá àgbà pé wọ́n ti sè é. Ó ní, "Ó ti jinná nìyẹn."

Ẹ̀yin tí kò lọ sí ilé kéú, ẹ mú sùúrù. Ní ìlú wa, bí ara ọmọ kò bá yá, tàbí tí orí rẹ̀ kò gba Kùránì, àlùfáà á kọ àyọkà kan sí wàláà, pátákó tí a fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n á fi omi fọ yíǹkì náà sínú abọ́, ọmọ á sì mu ún. Háńtú ni à ń pè é. Bàbá àgbà mi ti jẹ́ àlùfáà kó tó kú, ìyá àgbà sì ti fọ wàláà fún un láti ìgbà tó fi jẹ́ ìyàwó títí ó fi di opó. Lójú rẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni tí orí rẹ̀ pé tó máa kọ orúkọ rẹpẹtẹ bẹ́ẹ̀ sára omi lásán. Ó ní àwọn Faransé kàn ti gbàgbé ìpín tó gbẹ̀yìn nínú iṣẹ́ náà: wọ́n kọ ọ́, wọ́n di omi rẹ̀ tì í, wọn kò fọ̀ ọ́. Òun á bá wọn parí rẹ̀.

Ó bọ́ ìwé náà kúrò lára ìgò, ó rẹ ẹ́ sínú abọ́, ó da omi ìgò lé e, ó fi ìka rò ó. Ó kọ́kọ́ fún mi, nítorí pé orí mi kò gba Súúrà Yásín. Nínú gbogbo àwọn tó ń fi ẹnu mọ omi kárí Togo, èmi nìkan ni mo lè búra pé mo ti mu ìwé ara ìgò pẹ̀lú omi inú rẹ̀. Àbájáde ìdánwò náà nìyí: omi náà kò ní àléébù, kò sì ní ìwà. Ó kọ́kọ́ dàbí ìgbà tí ènìyàn bá lá ṣọ́ọ̀kì, ó wá parẹ́ bí onígbèsè. Ìwé náà ló ní adùn díẹ̀, ti lẹ́ẹ̀. Yásín kò sì wọlé síbẹ̀.

À bá dá a dúró síbẹ̀, àmọ́ Ìyá Sáfù, aládùúgbò wa, yọjú lórí ògiri. Kí á tó ṣẹ́jú, àgbàlá ti kún. Ẹni tó ń wúkọ́ gbé abọ́ wá, ẹni tó lóyún gbé abọ́ wá, ẹni tí ọkọ rẹ̀ rìnrìn àjò lọ sí Cotonou tí kò fi ìwé ránṣẹ́ gbé garawa wá. Ìyá Sáfù ní, "Ọmọ tèmi kò mọ̀wé rárá. Ẹ fún mi ní ìgò tí orúkọ rẹ̀ pọ̀ jù." Mo sọ fún un pé bákan náà ni gbogbo wọn. Ó ní, "Gbẹ́nu dákẹ́ níbẹ̀, ìwọ tí o ti mu tìrẹ." Nígbà tí ìyá mi fi dé láti ọjà, páálí ti ṣófo, àwọn ìgò wà ní ìhòòhò lórí ẹní, ìwé wọn sì wà lórí okùn aṣọ, wọ́n ń gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣòkòtò bàbá mi. Àwọn tó ti mu háńtú wọn ti lọ sílé lọ retí ìwòsàn.

Bàbá mi dé tẹ̀ lé e. Ó wo okùn aṣọ. Ó gbé ọwọ́ lérí, ó ní, "Wọ́n ti mu ìjọba tán!"

Ìyá àgbà ní, "Mo ṣe Bísímílà sí gbogbo rẹ̀."

Ìyá mi kó àwọn ìgò jọ. Ó jókòó, ó sì ń ro ohun tó wà níwájú rẹ̀, mo sì lè bá a rò ó bí mo tilẹ̀ kéré. Bí ó bá bu omi pọ́ńpù sínú ìgò, àlejò á tu ú sílẹ̀ níwájú ìlú, òun ló gbé igbá, òun ló ń lọ sí Tchamba. Bí ó bá lọ jẹ́wọ́ fún Mùsé, ìyá àgbà ni wọn yóò gbé, arúgbó tó jẹ́ pé orí àga ni wọ́n ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Kò sì sí ibi tí a ti lè ra irú omi bẹ́ẹ̀ ní Kambolé. Kódà ní Tchamba, ilé àwọn ọ̀gá nìkan ló ń dé. Ó dìde, ó gbé garawa, ó ní kí n kó ìgò tẹ̀ lé òun. A gba ẹ̀yìn oko àgbàdo lọ sí Òkè Ẹyẹlé nígbà tí oòrùn ń rọ̀. Ó fọ ìgò kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí ẹni tó ń ṣe àlùwàlá, ó sì rọra tì í sábẹ́ ìlà àpáta náà títí ó fi kún. Ìgbà tí a ń bọ̀, ó ní: "Rámá, bí wọ́n bá bi ọ́, o kò mọ̀ ọ́n kà." Ó dùn mí ju kí ó nà mí lọ. Nílé, ó fi ẹ̀kọ gbígbóná lẹ ìwé padà mọ́ ìgò, èmi sì ń fi aṣọ tẹ̀ ẹ́. Ibi tí mo ti ń yára, mo lẹ ọ̀kan sódì.

Bí ojúmọ́ ṣe mọ́, gbogbo ìlú ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Wọ́n to àwa ọmọ ilé ìwé sínú oòrùn kí oòrùn tó jáde. Àwọn ọmọbìnrin tó ń jó ìyìn wọ aṣọ kan náà, wọ́n jó títí eruku fi gba ẹsẹ̀ wọn. Àwòrán Ọ̀gá Àgbà wà lórí òpó lókè pọ́ńpù, ó ń rẹ́rìn-ín sí wa. Àlejò dé nígbà tí àwọn mélòó kan ti dákú. Ó sanra, ojú rẹ̀ tutù, ó sì ti kàwé nílẹ̀ òkèèrè, èyí tí Mùsé sọ fún wa nínú ọ̀rọ̀ ìkíni, tó sì tún sọ nínú ọ̀rọ̀ ìdágbére. Mùsé gba ẹ̀yìn ẹní lọ da omi sínú igbá. Ìgò tó mú ni èyí tí mo lẹ sódì. Mo rí i tó dúró. Ó wo òkè yìnyín tó dorí kodò, lẹ́tà tó ń fi orí rìn. Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ bá ti ìyá mi pàdé. Bí ó bá pariwo, òun ló kó páálí náà sílé wa. Ó gbé ìgò náà pamọ́ sábẹ́ tábìlì, ó sì nu àágùn.

Ìyá mi kúnlẹ̀, ó gbé igbá náà fún àlejò. Ọkùnrin náà rọra kan ètè mọ́ ọn, bí ẹni tí wọ́n ti fún ní omi ìlú kiri rí. Ó dúró. Ó tún mu. Lẹ́yìn náà ló gbé igbá náà dà sẹ́nu, ó mu ún gbẹ, ó sì pa ahọ́n lu òkè ẹnu. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ jáde: ó ń retí adùn ẹ̀yìn ọ̀fun yẹn, ó sì rí i! Ó ní lédè Faransé pé òun kò tíì mu irú omi bẹ́ẹ̀ rí, ó ju ti inú ìgò lọ. Ó bojú wo ìyá mi, ó bi í ní ìbéèrè, ọ̀gá ilé ìwé wa sì túmọ̀ rẹ̀. Ọmọ etí òkun ni ọ̀gá náà. Yorùbá tó gbọ́ kò ju èyí tó fi ń ra nǹkan lọ.

"Ìyá, ó ní níbo omi yìí wá?"

Mùsé Protokọ́ọ̀lù ń yọ ẹnu láti ẹ̀yìn, ó ń ṣe "pọ́ńpù, pọ́ńpù" láìsí ohùn, bí ẹja tí wọ́n gbé síta. Bàbá mi wo ilẹ̀. Mo mọ̀ pé ìyá mi kò lè purọ́ nípa ohun tó bá kan ẹnu, mo sì mọ̀ pé òtítọ́ á gbé e dé Tchamba kí alẹ́ tó lẹ́. Ó tún igbá náà gbé sọ́wọ́. Ó gbé ojú sókè díẹ̀.

Ó ní, "Òkè ni ó ti wá, Ọ̀gá."

Ọ̀gá ilé ìwé ronú díẹ̀. Ó mọ òkè. Gbogbo ẹni tó ń gba owó oṣù ló mọ òkè. Ó yíjú sí àlejò, ó ní, "Elle dit que ça vient d'en haut."

D'en haut: láti òkè, níbi tí àwọn ọ̀gá wà. Àlejò náà tún un sọ, ohùn rẹ̀ sì rẹ̀lẹ̀. Ó gbé ojú sókè sí àwòrán tó wà lórí òpó. Ó dìde. Nígbà tó dìde, gbogbo àwọn tó wà lórí àga dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí pàtẹ́wọ́, àtẹ́wọ́ náà sì ràn bí iná ọyẹ́. Àwọn obìnrin Kambolé kò gbọ́ Faransé. Ohun tí ìyá mi sọ ni wọ́n gbọ́, wọ́n sì mọ òkè tó ń wí, nítorí garawa wọn ṣì tutù láti ibẹ̀. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, omijé ẹ̀rín ń dà lójú wọn. Àlejò rò pé ẹ̀mí ìfọkànsìn ni. Ìyá àgbà, tí wọ́n gbé àga rẹ̀ sí iwájú, ní, "Àmín."

Kò sí ẹni tó tún pe ìyá mi sí Tchamba. Ta ló máa fẹ̀sùn kan obìnrin tí ẹni ńlá dìde fún? Wọ́n fún un ní aṣọ tí ojú Ọ̀gá Àgbà kún inú rẹ̀. Ó dì í sínú àpótí, ó ní kò bójú mu kí òun jókòó lé ojú ènìyàn. Mùsé Protokọ́ọ̀lù gba ipò tó ga ju tàtijọ́ lọ, ó sì tọ́ sí i, nítorí ó mọ ìgbà tó yẹ kí á dákẹ́. Pọ́ńpù búlúù náà gbó síbẹ̀, ewúrẹ́ ló ń fi í họ ara. Àwa náà sì ń lọ sí Òkè Ẹyẹlé, àmọ́ a ti yí orúkọ rẹ̀ padà: Dáńò ni à ń pè é láti ọjọ́ náà, bí ẹnu wa ṣe gbé d'en haut. Bí ọlọ́pàá tàbí akọ̀wé kan bá dá àwọn obìnrin dúró lọ́nà pé kí ló dé tí wọ́n fi ń kọjá lára pọ́ńpù, wọ́n á ní, "Omi Dáńò là ń lọ pọn." Ta ni yóò dí ọ̀nà omi tó ti òkè wá?

Kouloundè ní Sokodé ni mo ń gbé báyìí. Ìgò kún fíríìjì mi, àwọn ọmọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo lè di ojú kí n sọ èyí tí magnésium rẹ̀ pọ̀ nínú wọn, nítorí ó ń korò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n, àti èyí tí sodium rẹ̀ ń ṣe bí ẹni tó ti sunkún. Mo ra ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yí àwọ̀ padà bí a bá tì í sínú omi. Ọdún tó kọjá, mo gbé ìgò omi òkè kan lọ fún ìyá mi ní Kambolé, èyí tó wọ́n jù ní ṣọ́ọ̀bù. Ó tọ́ ọ wò, ó gbé e mì, ó ní, "Àwọn wọ̀nyí fọ wàláà kí wọ́n tó kọ nǹkan sí i." Lẹ́yìn náà ló bá mi rìn dé Dáńò, òun àti ọ̀pá rẹ̀. Mo ti ìwé mi bọ omi, mo wò ó, mo sì ka gbogbo àbájáde náà sí i létí bí mo ṣe kà á sí ìyá àgbà. Ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa.

Ó ní, "Ó dára. Ṣé ó sọ ibi tó ti wá fún ọ?"

Mo ní kò sọ.

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bu omi. Mo dúró níbẹ̀, ìwé wà lọ́wọ́ mi. Ọmọ tó mu ìwé ara ìgò lọ́jọ́sí kò mọ ohun kan nínú ohun tí wọ́n kọ sí i. Èmi tí mo wá mọ gbogbo rẹ̀, mo jókòó níbi ìpàdé omi ìgboro ní Sokodé lóṣù tó kọjá. Alága bi mí níwájú gbogbo ènìyàn pé irin tó wà nínú omi ẹ̀rọ àdúgbò wa, níbo ló ti ń wá. Gbogbo orúkọ tí mo mọ̀ sá lọ, ọ̀rọ̀ ìyá mi ló kù. Mo ní, "Òkè ni, Ọ̀gá."

Ó gbé ojú sókè sí àwòrán ọ̀gá tó wà lára ògiri. Irin ni mo sọ pé ó ti òkè wá, kì í ṣe omi dídùn: kò pàtẹ́wọ́.